Ẹyin 1,540, ọmọ 100: èwo ni kí n kà fún chi-squared?

Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ránṣẹ́ nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹranko ni mí, iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi ni mò ń kọ lọ́wọ́. Mo gba ìtọ̀ ọmọ iléèwé 100 ní abúlé méjì, 50 ní abúlé tó ń pọn omi odò, 50 ní abúlé tó ní borehole. Mo wá ẹyin aràn àtọ̀sí ajá nínú rẹ̀, mo sì rí ẹyin 1,540 lápapọ̀. Ní abúlé odò, ẹyin àwọn ọkùnrin jẹ́ 912, ti àwọn obìnrin 403. Ní abúlé borehole, ọkùnrin 118, obìnrin 107. Mo fi wọ́n ṣe chi-squared, mo rí 24.8, p kò tó 0.001. Mo wá kọ ọ́ pé omi odò tí wọ́n ń mu ló fa àrùn náà. Súpáfáísọ̀ mi wo tábìlì yẹn, ó ní kò ṣeé lò, pé àwọn nọ́ńbà mi rọ̀ mọ́ra. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n sọ wọ́n di ìdá ọgọ́rùn-ún, pé ìyẹn á tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí kò dáa? Ṣé gbogbo iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ ni? Mo fi ìwé tí mo kọ iye ẹyin ọmọ kọ̀ọ̀kan sí so mọ́ ọn."

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ rẹ kò bàjẹ́. Gbogbo ohun tí o nílò ló wà nínú ìwé tí o fi ránṣẹ́ yẹn. Tábìlì tí o fà yọ nínú rẹ̀ ni kò dára. Súpáfáísọ̀ rẹ tọ̀nà. Chi-squared ni ìdánwò tó ń wò bóyá iye tí a kà yàtọ̀ sí iye tí a retí ju ti èèṣì lọ; p sì ni bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí èèṣì nìkan mú ìyàtọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. Bí mo ṣe gbọ́ ọ yé, ohun tó ń dà ẹ́ láàmú ni pé ìwé sọ pé nọ́ńbà tí a kà ni chi-squared ń lò, ìwọ náà sì kà, o ò díwọ̀n nǹkan kan, o ò méfò. Kí ló wá dé? Ohun tó dé ni pé ìdánwò yìí ní àdéhùn kan tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: ohun kọ̀ọ̀kan tí o kà gbọ́dọ̀ dá dúró. Bí ọ̀kan ṣe bọ́ sínú àpótí kan nínú tábìlì kò gbọdọ̀ sọ fún wa ibi tí èkejì máa bọ́ sí. Ẹyin aràn kò sì dá dúró rárá.

Ronú sí bí ẹyin yẹn ṣe dé abẹ́ máíkírósíkóòpù rẹ. Ọmọ wọ odò. Ìdin aràn tó jáde lára ìgbín omi kékeré tí à ń pè ní Bulinus gba awọ ara rẹ̀ wọlé. Ó dàgbà, takọ-tabo tó ti so mọ́ra wá ń gbé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká, abo sì ń yé ẹyin lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún bí a kò bá lo oògùn. O fa ìtọ̀ mílílítà 10 sínú síríńjì, o tì í gba inú asẹ́, o gbé asẹ́ náà sábẹ́ máíkírósíkóòpù, o sì rí ẹyin gígùn rogodo tó ní ẹ̀gún ṣóńṣó kan ní ìdí. Bí o bá ti rí àkọ́kọ́, ṣé èkejì tún jẹ́ ìyàlẹ́nu? Aràn kan náà ló yé wọn, inú ọmọ kan náà ni wọ́n ti wá, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jáde. Ẹni tó ka ẹyin 386 lára ọmọ kan tó pè é ní ẹ̀rí 386 dà bí ẹni tó bi ènìyàn kan ṣoṣo nígbà 386 pé ta ni yóò dìbò fún, tó wá ní òun ti fọ̀rọ̀ wá ènìyàn 386 lẹ́nu wò.

Nọ́ńbà 386 yẹn kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Inú ìwé rẹ ni mo ti rí i: ọmọkùnrin kan wà ní abúlé odò tí ẹyin tirẹ̀ nìkan jẹ́ iye yẹn. Mo yọ ọmọ kan yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi 99 tó kù tún ìṣirò rẹ ṣe gẹ́lẹ́ bí ìwọ ṣe ṣe é. 912 di 526, nọ́ńbà mẹ́ta yòókù kò yí padà. Chi-squared tó jẹ́ 24.8 já sí 1.28. Ààlà tí à ń lò fún tábìlì alápòótí mẹ́rin ni 3.84 bí a bá fẹ́ kí p wà nísàlẹ̀ 0.05, nítorí náà 1.28 jìnnà sí i gan-an. Ọmọ kan ṣoṣo nínú 100 ló gbé gbogbo èsì rẹ rù. Mi ò sọ pé kí o yọ ọmọ náà kúrò nínú iṣẹ́ rẹ o. Àrùn ara rẹ̀ kì í ṣe àṣìkà, kódà òun ló yẹ kí praziquantel, oògùn àrùn yìí, kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí mò ń fi hàn ọ́ ni pé ìdánwò tó yẹ kó gbọ́ ohùn ọmọ 100 ń gbọ́ ohùn ẹnì kan ju ti àwọn yòókù lọ.

Nǹkan mìíràn tún wà lábẹ́ tábìlì yẹn tí súpáfáísọ̀ rẹ lè má tíì mẹ́nu bà. Ìbéèrè tí tábìlì náà ń dáhùn kọ́ ni ìbéèrè tìrẹ. O fẹ́ mọ̀ bóyá àrùn náà wọ́pọ̀ ní abúlé kan ju èkejì lọ. Tábìlì rẹ, tó to ọkùnrin àti obìnrin sí ìhà kan, tó to abúlé méjèèjì sí ìhà kejì, ń béèrè bóyá bí ẹyin ṣe pín láàárín ọkùnrin àti obìnrin ní abúlé odò jọ bó ṣe pín ní abúlé borehole. Ọmọ tí kò ní àrùn kò tilẹ̀ sí níbẹ̀, nítorí ẹni tí kò ní ẹyin kò fi nǹkan kan kún àpapọ̀. Nínú àwọn tábìlì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi hàn mí, àìsí àwọn tí ara wọn le yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bí a kò bá ka àwọn tí kò ní àrùn, a kò lè sọ pé àrùn pọ̀ níbì kan ju ibòmíràn lọ.

Jẹ́ ká padà sórí ọmọ. Nínú ìwé rẹ, ọmọ 21 nínú 50 ní ẹyin ní abúlé odò, 29 kò ní. Ní abúlé borehole, 9 ní, 41 kò ní. Tábìlì nìyẹn. Mú pẹ́ńsù, ká jọ ṣe é lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí kọ̀ǹpútà má baà máa dá a ṣe fún ọ. Ọmọ 30 ló ní àrùn nínú 100. Bí abúlé kò bá ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú àrùn, a ó retí 15 nínú 50 ní abúlé kọ̀ọ̀kan, a ó sì retí 35 tí kò ní. Ohun tí o rí yàtọ̀ sí ohun tí a retí pẹ̀lú 6 nínú gbogbo àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. 6 lọ́nà 6 jẹ́ 36. Pín 36 sí 15, o rí 2.4, ẹ̀ẹ̀mejì. Pín 36 sí 35, o rí 1.03, ẹ̀ẹ̀mejì. Pa wọ́n pọ̀: 6.86. Ó ju 3.84 lọ, p rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 0.009 lọ. Èsì wà nínú iṣẹ́ rẹ, àbúrò, ó kàn wà níbi tí o kò wò ni.

Ìdí tí ààlà fi jẹ́ 3.84 ni pé tábìlì alápòótí mẹ́rin ní degree of freedom 1. Bí àpapọ̀ ìlà àti àpapọ̀ òpó bá ti dúró, kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo sínú àpótí kan, mẹ́ta yòókù ti di dandan. Karl Pearson tó gbé ìdánwò yìí jáde ní ọdún 1900 ka 3 síbẹ̀, ìjà ńlá sì ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀ kí Ronald Fisher tó fi hàn ní 1922 pé 1 ni. Bí a bá ṣì ń lo 3, ààlà á jẹ́ 7.81, 6.86 rẹ kò ní dé ibẹ̀. Má sì jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́ bí o bá fi tábìlì yìí sínú R, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, tó fún ọ ní 5.76. R máa ń fi àtúnṣe tí Frank Yates dá lábàá ní 1934 kún tábìlì alápòótí mẹ́rin láì bi ọ́: ó ń yọ 0.5 kúrò lára ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan, 6 á di 5.5, kó tó sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀. Méjèèjì ló ju 3.84 lọ. Kọ èyí tí o lò, má lo èyí tó wù ọ́ lẹ́yìn tí o ti rí èsì.

Fẹ́ rí iṣẹ́ tí wọ́n ti ka ẹni dáadáa? Wo ti dókítà Anthony Allison ní Uganda, èyí tó jáde ní 1954. Àwa tí a dàgbà sáàárín ọ̀rọ̀ AS àti SS mọ ohun tó ń wá: ṣé ọmọ tó jẹ́ AS kì í tètè ní kòkòrò ibà lára bí ọmọ tó jẹ́ AA? Ó wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ 290 láàárín àwọn Ganda ní agbègbè Kampala, ọmọ oṣù 5 sí ọdún 5. Nínú 43 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń tẹ̀ bí dòjé, 12 ní kòkòrò ibà. Nínú 247 yòókù, 113 ní in. Kòkòrò ibà lè pọ̀ lọ jàra nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, àmọ́ ọmọ kan, ìdáhùn kan ni nínú tábìlì yẹn: ó ní, tàbí kò ní. Ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra rẹ. A retí 18.5 nínú 43, 12 la rí. Chi-squared rẹ̀ jẹ́ 4.75, ó sì jẹ́ 4.05 bí o bá lo àtúnṣe Yates. Kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju 3.84 lọ. Mo fẹ́ kí o fọkàn sí ìyẹn, torí ìwọ rí 24.8, o rò pé tìrẹ ló lágbára jù. Ẹ̀rí Allison kéré lórí ìwé, àmọ́ orí ènìyàn ló dúró lé, àwọn ìwádìí tó sì tẹ̀ lé e káàkiri Áfíríkà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé AS ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ibà tó le. Kò tún kó oríṣiríṣi ẹ̀yà pọ̀ sínú tábìlì kan, nítorí ẹ̀yà tó ní AS púpọ̀ lè jẹ́ ẹ̀yà tó ń gbé níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, ìyẹn nìkan sì tó láti da ìdáhùn rú.

Ní ti ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ rẹ, má gbà á. Bí o bá sọ nọ́ńbà rẹ di ìdá ọgọ́rùn-ún, o ó ní 42 àti 58 fún abúlé odò, 18 àti 82 fún abúlé borehole. Fi ìyẹn ṣe chi-squared, o ó rí 13.71, ìlọ́po méjì 6.86 gẹ́lẹ́. Ìdánwò náà rò pé 100 lo yẹ̀ wò ní abúlé kọ̀ọ̀kan, ó fún ọ ní ẹ̀rí ọmọ 100 tí o kò rí rí. Ká ní ọmọ 500 lo yẹ̀ wò ní abúlé kọ̀ọ̀kan ni, ìdá ọgọ́rùn-ún á gba ẹ̀rí tí o ṣiṣẹ́ fún lọ́wọ́ rẹ. Lo ìdá ọgọ́rùn-ún láti sọ ìtàn náà fún òǹkàwé, kó rí i pé 42% ni níbí, 18% lọ́hùn-ún, torí p kò lè sọ bí ìyàtọ̀ ṣe tóbi tó. Inú ìdánwò, orí tí o kà ní tòótọ́ ni kó wọlé.

Mo mọ̀ pé ohun tó kàn ni pé wàá fẹ́ pín àwọn ọmọ náà sí ọjọ́ orí. Ṣọ́ra níbẹ̀. Bí àpótí bá ti ń pọ̀ tí orí sì ń kéré, 3.84 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣeé gbára lé mọ́. Òfin tí àwọn ènìyàn máa ń kà sódì ni ti 5. Iye tí a retí ló ń bá wí, kì í ṣe iye tí a rí. O lè rí 0 nínú àpótí kan kó má sí wàhálà, bí iye tí a retí níbẹ̀ bá jẹ́ 8. Bí iye tí a retí bá kéré ju 5 lọ nínú tábìlì alápòótí mẹ́rin, Fisher's exact test ni kí o lò. Bí àpótí bá pọ̀ ju mẹ́rin lọ, pa àwọn ọjọ́ orí tó sún mọ́ra pọ̀, kí o sì pinnu bí o ṣe máa pa wọ́n pọ̀ kí o tó wo ibi tí àrùn pọ̀ sí.

Ṣé iye ẹyin tí o forí ṣe forí bọrùn kà wá ṣòfò ni? Rárá o. Iye ẹyin ló ń sọ bí àrùn ṣe wọ ọmọ lára tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ka ẹyin 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mílílítà 10 sí àkóràn tó wúwo. O lè pín àwọn ọmọ rẹ sí mẹ́ta, àwọn tí kò ní, àwọn tó ní 1 sí 49, àwọn tó ní 50 sókè, kí o fi wọ́n wé abúlé méjèèjì. Degree of freedom rẹ̀ á di 2, ààlà á jẹ́ 5.99. Àmọ́ chi-squared kò mọ̀ pé "wúwo" ju "fúyẹ́" lọ. Lójú rẹ̀ orúkọ mẹ́ta lásán ni wọ́n. Bí ó bá ṣe ìwọ̀n yẹn lo ń wá, Mann-Whitney tó ń to àwọn ọmọ tẹ̀ léra láti orí ẹni tí ẹyin rẹ̀ kéré jù máa sàn fún ọ. Bí ẹnìkan bá wà ní ẹ̀ka yín tó lè tọ́ ọ sọ́nà, negative binomial regression ló bá irú nọ́ńbà yìí mu jù lọ, torí aràn kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba: ènìyàn díẹ̀ ló máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù, gẹ́gẹ́ bí ọmọkùnrin tó ní 386 ṣe fi hàn ọ́. Mi ò ní rọ̀ ọ́ láti lò ó bí kò bá sí ẹni tó máa jókòó tì ọ́.

Ní báyìí, 6.86. Kí ló sọ, kí ni kò sọ? Ó sọ pé kò dà bí ẹni pé ìyàtọ̀ abúlé méjì yìí jẹ́ èèṣì lásán. Kò sọ pé omi odò "tí wọ́n ń mu" ló fà á, ibẹ̀ gan-an sì ni gbólóhùn rẹ ti ṣìnà nípa àrùn náà fúnra rẹ̀. Àtọ̀sí ajá kì í sábà gba ẹnu wọlé, awọ ara ló ń gbà. Ọmọ abúlé borehole lè máa mu omi tó mọ́ gaara kó sì máa lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú odò ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Ọmọ 9 tó ní àrùn níbẹ̀ ti sọ ọ́ tán. Ní àyíká ìdídò Ọ̀yán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ṣí ní 1983, ẹja pípa, aṣọ fífọ̀ àti ìwẹ̀ ló ń mú ará ìlú wọ omi. Bí o bá ní àyè, padà lọ bi ọmọ kọ̀ọ̀kan pé: ṣé o máa ń wọ odò? Nígbà náà o ó lè ṣe tábìlì tó fi wíwọ odò wé àrùn ní abúlé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí o sì fi ìlànà Mantel-Haenszel pa méjèèjì pọ̀. Ìyẹn ló sún mọ́ ìbéèrè rẹ jù.

Kódà orí ọmọ náà kò dá dúró tán. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ilé kan náà jọ ń lọ sódò. Bí o bá kó mẹ́ta láti ilé kan, ìdáhùn wọn á jọra ju ti àlejò lọ, p rẹ á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Abúlé méjì péré ló wà nínú iṣẹ́ rẹ, nítorí náà gbogbo ohun mìíràn tó yà wọ́n sọ́tọ̀, bí oògùn tí ìjọba pín fún ọ̀kan lọ́dún tó kọjá, ti wọnú ìyàtọ̀ 42 sí 18 yẹn. Kò sí ìdánwò tó lè yọ ọ́ jáde. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi pamọ́. Gbólóhùn tó yẹ rẹ ni pé àrùn náà wọ́pọ̀ ní abúlé odò, 21 nínú 50, ju abúlé borehole lọ, 9 nínú 50, kí o kọ chi-squared 6.86, degree of freedom 1 àti p sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o wá fi kún un pé abúlé méjì péré ni, a kò sì lè fi ṣe ìdájọ́ lórí omi nìkan.

Bí o bá fún wọn ní praziquantel tí o padà lọ yẹ àwọn ọmọ kan náà wò, má ṣe to "kí wọ́n tó lò ó" àti "lẹ́yìn tí wọ́n lò ó" sínú chi-squared yìí bí ẹni pé ènìyàn 200 ni. McNemar's test ni ti àwọn tí a yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tí ipò wọn yí padà nìkan ló sì ń wò.

Ohun kan kù tí mo wá nínú ìwé rẹ tí mi ò rí: aago tí o gba ìtọ̀ náà. Ẹyin aràn yìí máa ń jáde jù láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Bí o bá dé abúlé kan ní aago mẹ́jọ tí o dé èkejì ní ọ̀sán gangan, apá kan nínú ìyàtọ̀ tí o rí lè jẹ́ ti aago. Bí o bá ṣì rántí tàbí tí o kọ ọ́ síbì kan, fi í sínú orí kẹta iṣẹ́ rẹ. Bí o bá sì ń padà lọ bi wọ́n nípa odò, gba ìtọ̀ mìíràn lọ́wọ́ wọn ní wákàtí kan náà ní abúlé méjèèjì.